Bí Ìlà-ò-wọ́ Ṣe Mú Ọmọ Rẹ̀ Lọ fún Àyẹ̀wò

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò tí ìlà rẹ̀ gún gbọọrọ láti ìdí dé ọrùn ẹsẹ̀, tí kò fẹ́ jókòó níbikíbi kí ìlà náà má baà bàjẹ́, ẹ má wulẹ̀ béèrè ẹni tó bá a lọ̀ ọ́. Ìlà-ò-wọ́ ni. Alágbàfọ̀ ni ọkùnrin náà. Bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ o, orúkọ gidi, ṣùgbọ́n ìnagijẹ táwọn oníbàárà fún un ti jẹ orúkọ yẹn run, débi pé ìyàwó rẹ̀ gan-an máa ń ronú díẹ̀ kó tó rántí rẹ̀.

Yàrá iwájú ilé ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Tábìlì gígùn kan wà láàárín, bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, wọ́n sì na aṣọ funfun lé bùláńkẹ́ẹ̀tì náà lórí. Ọ̀pá irin kan gba ìbú yàrá kọjá, ibẹ̀ ni aṣọ àwọn ẹni ẹlẹ́ni ń rọ̀ sí títí ẹni tó ni wọ́n á fi dé. Ẹ̀yìnkùlé ni bàsíà, ọṣẹ àti okùn ìsáṣọ wà.

Nǹkan kan wà tó máa ń bí i nínú, òun náà ni kí oníbàárà ti kọ́kọ́ bá àbàwọ́n jà nílé kó tó gbé aṣọ wá. Ojú ló máa ń ti àwọn èèyàn. Wọn ò fẹ́ kí alágbàfọ̀ mọ̀ pé yíǹkì dà sí wọn lápò, wọ́n á fi omi gbígbóná bò ó, wọ́n á fi ọṣẹ bó o, wọ́n á wá ká a mọ́ inú lọ́hùn-ún bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

"Ta ló ní kí ẹ fọwọ́ kàn án?" bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. "Ṣé ẹ gbé e wá kí n wò ó ni, àbí ẹ gbé e wá kí n yìn yín? Àbàwọ́n tí mo bá rí ni mo lè bá jà. Èyí tí ẹ ti lé wọ inú òwú lọ, ibo ni kí n ti lé e jáde?"

Àwọn oníbàárà á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn.

Ọmọ kan ṣoṣo lòun àti ìyàwó rẹ̀ bí, obìnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́fà. Kíni-yẹn ni bàbá rẹ̀ ń pè é, torí pé ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ já geere lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, kò sì tíì fi í sílẹ̀. Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Kíni-yẹn máa ń ṣìnà ní tirẹ̀, torí pé kì í dúró gba èsì. Bí ẹ ṣe ń dá a lóhùn lórí ìbéèrè kìíní, ó ti wà lórí ìkẹta. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní bẹ́kìrì, búrẹ́dì kì í sì í dúró de ẹni tó bá pẹ́ jí, nítorí náà bàbá ló ń múra ọmọ fún ilé-ìwé. Á ní kó wọ ìbọ̀sẹ̀, á kọjú sí iṣẹ́ díẹ̀, á yíjú padà, á bá ọmọ tó ti wọ ẹsẹ̀ kan, tó gbé ìkejì dání, tó ń wo ooru tó ń jáde lára aṣọ bó ṣe ń gun ògiri lọ. "Kíni-yẹn, ìbọ̀sẹ̀." "Ẹn-hẹn, Dádì." Ìbọ̀sẹ̀ á tún wà lọ́wọ́ títí.

Lọ́jọ́ kan, ó rán an kó lọ mú búrọ́ọ̀ṣì wá lẹ́yìnkùlé. Ó retí, ó retí. Nígbà tí ọmọ dé, kò sí búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù rinrin, ó ní, "Dádì, kí ló gbé òṣùmàrè wọ inú ìfófòó ọṣẹ?" Ìlà-ò-wọ́ la ẹnu láti bá a wí, ó pa á dé. Kò mọ̀ ọ́n. Ó ti ń bá ọṣẹ ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bí ọmọ yìí, kò sì wò ó rí. Bí àwọn méjèèjì ṣe lóṣòó sídìí bàsíà nìyẹn, wọ́n ń wo àwọ̀ tó ń ṣí kiri lára ìfófòó, títí òórùn fi wá sọ fún wọn pé áyọ́ọ̀nù ti ń jẹ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ẹnì kan nínú ilé. Ẹni tí ọmọ náà fi jọ, èmi ò ní sọ, ẹ̀yin náà lójú.

Ilé-ìwé ò rí òṣùmàrè kankan nínú ọ̀rọ̀ náà ní tiwọn. Tíṣà Kíni-yẹn, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, dá bàbá dúró lẹ́nu géètì lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í ṣe pé ó ń jà. Kì í bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní kí wọ́n ṣí ìwé, gbogbo wọn á ṣí i, òun á máa wo ọkùnrin tó ń kun ògiri ní òdìkejì títì. Tó bá kọ ìlà kan, kì í kọ ìkejì. Tí mo bá pè é, á dáhùn, á sì tún ti lọ."

"Lọ síbo?" ni bàbá béèrè. Ìbéèrè gidi ló bi í, ó fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Tíṣà rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó gbé e wá. Ọ̀gá ilé-ìwé ti ní kí wọ́n mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí wọn ò bá gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ ẹni náà kí sáà tó parí, wọ́n á dá Kíni-yẹn padà sí kíláàsì àwọn kéékèèké. Ọ̀gá ní ọmọ náà kàn kọ etí ikún sí ẹ̀kọ́ ni.

Nígbà tí ìyàwó dé láti bẹ́kìrì, tí ìyẹ̀fun ṣì wà nírun ojú rẹ̀, ọkọ rò fún un.

"Wọ́n á kàn lẹ orúkọ kan mọ́ ọn lára ni," ni Ìlà-ò-wọ́ wí. "Orúkọ náà á sì máa bá a kiri."

"Ṣé èyí tí wọ́n ń pè é báyìí ló wá dáa?" ni ìyàwó rẹ̀ fèsì. "Ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é. Olóríkunkun ni wọ́n ń pè é. Dádì, ẹ̀yin ò mọ ohun tó ń ṣe é, èmi ò mọ̀ ọ́n, tíṣà ò mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká wá ẹni tó lè mọ̀ ọ́n lọ."

Ká sòótọ́, ó wu òun náà. Ó máa ń ṣe é bíi kó tẹ̀ lé ọmọ yẹn wọ inú orí rẹ̀ lọ, kó wo ibi tó máa ń lọ bí ojú rẹ̀ bá ti di ti ẹni tí kò sí nílé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á pẹ̀lú. Ìyá ń lọ síbi iṣẹ́, bàbá ni ọmọ ń rí láàárọ̀. Bí wọ́n bá ní nǹkan kan ń ṣe é, ta ni wọ́n máa wò lójú? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fẹ́kùn pa jẹ. Wọ́n dá ọjọ́ fún wọn ní ilé-ìwòsàn, ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Ohun tí Ìlà-ò-wọ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì náà ṣe ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, bẹ́ẹ̀ ló sọ fún ara rẹ̀. Ó gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ìlọṣọ, ó fi ọmọ rẹ̀ jókòó síbẹ̀ tí ilé-ìwé bá ti parí.

"Ọwọ́ lórí itan. Ojú níwájú. Tí ẹnìkan bá kọjá níta ńkọ́?"

"Mi ò ní wò ó."

"Tí nǹkan bá já bọ́?"

"Mi ò ní wò ó, Dádì."

"Ọmọ gidi."

Lákọ̀ọ́kọ́, ìwọ̀nba ìgbà tó máa fi lọ ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì kan ló lè jókòó. Nígbà tó yá, ó dé odindi ṣẹ́ẹ̀tì. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, ó ti dé ṣòkòtò àti kóòtù. Bísíkíìtì ni èrè rẹ̀. Inú bàbá ń dùn, ó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ọmọ náà kàn nílò ẹni tó máa kojú mọ́ ọn ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa lọ, ó fi sítáàṣì sí gáùn ọmọ náà débi pé bí ẹ bá yọ ọmọ kúrò nínú rẹ̀, gáùn á dá dúró.

Ìyá ò ráyè kúrò níbi iṣẹ́, bàbá àti ọmọ ló lọ. Kíni-yẹn ti bẹ̀rẹ̀ àdéhùn lọ́nà pé òun ò gba abẹ́rẹ́ o. Bàbá ní dókítà abẹ́rẹ́ kọ́ ni. Ṣùgbọ́n òun náà ò mọ irú dókítà tó jẹ́, ó sì ń wo gbogbo ilẹ̀kùn tí wọ́n ń kọjá.

Obìnrin àgbà kan ló gbà wọ́n wọlé, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, kò wọ aṣọ funfun. Yàrá rẹ̀ ò ní bẹ́ẹ̀dì, kò rùn bí oògùn. Àga kéékèèké ló yí tábìlì kúkúrú kan ká, fáànù ń yí lókè, àpótí gíláàsì ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí ẹja aláwọ̀ oríṣiríṣi ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Àga ọmọdé ni wọ́n fún Ìlà-ò-wọ́ náà, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, ìlà ṣòkòtò rẹ̀ sì bàjẹ́ lójú ara rẹ̀.

"Báwo ló ṣe ń ṣe nílé, Bàbá?" ni dókítà béèrè.

"Ó ń ṣe dáadáa, mà."

"Tí ẹ bá rán an níṣẹ́ ńkọ́?"

"Ó ń jẹ́ ẹ."

"Ó máa ń parí ohun tó bá bẹ̀rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, mà."

Irọ́ tí wọ́n fi sítáàṣì sí ni. Kò rò ó sí irọ́, bí ẹni tó ń ta ọjà ló ṣe ń sọ̀rọ̀. Dókítà wò ó, ó yíjú sí ọmọ. Ó kó àwòrán jáde. Ó ní bí Kíni-yẹn bá rí ẹyẹ, kó fọwọ́ kan tábìlì; bó bá rí nǹkan mìíràn, kó má fọwọ́ kàn án. Ẹyẹ, ọwọ́ kan tábìlì. Ìkòkò, ọwọ́ dúró. Bàtà, ọwọ́ dúró. Ẹyẹ, ọwọ́ kan tábìlì. Ọmọ náà ń ṣe é lọ láìṣìṣe, ojú níwájú, ẹ̀yìn gún. Dókítà tún fún un ní igi kéékèèké aláwọ̀ pé kó tò wọ́n bí òun ṣe tò wọ́n. Ó tò wọ́n.

Ó yẹ kí inú Ìlà-ò-wọ́ dùn, ó sì ń dùn díẹ̀díẹ̀, kó tó ṣàdédé kíyè sí nǹkan kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé, ọmọ yìí ò tíì béèrè nǹkan kan. Ẹja pupa kan tí ìrù rẹ̀ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀ wà níwọ̀n apá kan sí i, ó ń ya ẹnu, ó ń pa á dé. Bàbá fúnra rẹ̀ ti wò ó títí. Kíni-yẹn ò wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ tó máa ń béèrè ohun tó wà lábẹ́ bàtà ẹni! Ọkàn Ìlà-ò-wọ́ ò balẹ̀ mọ́. Ta lẹni tó jókòó síbẹ̀ yìí? Ta ni mo mú wá?

Dókítà kó àwòrán rẹ̀ jọ. "Bàbá, ní tòdodo, nínú ohun tí mo rí lónìí, mi ò rí ohun tí ilé-ìwé ń sọ."

Ohun tó wá gbọ́ nìyẹn. Ohun tí ọ̀sẹ̀ méjì àti gbogbo bísíkíìtì yẹn wà fún nìyẹn. Kó tó dúpẹ́, Kíni-yẹn yíjú sí i, ó rọra béèrè:

"Dádì, ṣé ó ti tó? Ṣé mo lè fi í sílẹ̀?"

"Fi kí ni sílẹ̀?"

Ọmọ náà yọ ọwọ́ òsì jáde láti àpò gáùn, ọwọ́ tí kò lò láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó. Ó fi ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ hàn wọ́n. Ojú èékánná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka náà, ọ̀kan lórí òmíràn, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

"Mo ń fi èékánná tẹ̀ ẹ́," ló wí, bí ẹni tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń de okùn bàtà. "Tó bá ti ń dùn mí, mi ò ní gbọ́ fáànù mọ́. Mi ò ní gbọ́ omi ẹja. Dádì, kí ló dé tí ẹja yẹn ń sọ̀rọ̀ tí a ò gbọ́?"

Ìlà-ò-wọ́ mú ọwọ́ ọmọ náà, ó wò ó. Ó rí gbogbo oníbàárà tó ti bú rí, ó sì rí ara rẹ̀ láàárín wọn. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

"Mà," ló wí, "ẹ má bínú. Mo ti fọ̀ ọ́ kí n tó gbé e wá fún yín."

Ọ̀rọ̀ náà ò yé dókítà. Ìlà-ò-wọ́ wá jókòó dáadáa lórí àga kékeré yẹn, ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀: àga ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ọwọ́ lórí itan, ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan, búrọ́ọ̀ṣì tí kò dé, àní kọ́là tó jóná, kò fi tirẹ̀ pamọ́. Ojú tì í. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ ọ́ ni àyà rẹ̀ ń fúyẹ́.

Dókítà ò bá a wí. Ó ní òun ti ń fura, torí pé ọmọ tó jókòó bẹ́ẹ̀ yẹn, àgbà gan-an kì í jókòó bẹ́ẹ̀. Ó kọjú sí Kíni-yẹn. "Ìwọ, ó ti tó. Má jókòó mọ́ tí o ò bá fẹ́ jókòó."

Kíni-yẹn wo bàbá rẹ̀ ná. Bàbá mi orí fún un. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, imú rẹ̀ ti wà lára gíláàsì. Ta ló ń fọ ẹja? Ṣé wọ́n máa ń sùn? Kí ló ń dún níta? Dókítà tún gbé àwòrán jáde. Ẹyẹ, ó fọwọ́ kan tábìlì. Ìkòkò, ó fọwọ́ kan tábìlì. Kí wọ́n tó dé orí bàtà, ó ti dé ojú fèrèsé, ó ń sọ fún wọn pé ẹnìkan ń ti ọkọ̀ tí ẹ̀rọ rẹ̀ kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Òótọ́ sì ni, àwọn àgbà méjèèjì ò tíì gbọ́ ọ. Etí ọba nílé, etí ọba lóko.

Ọ̀tọ̀ ni ìbéèrè tí dókítà wá ń bi bàbá báyìí. Báwo ló ṣe ń sùn? Ṣé wọ́n ti yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò? Nígbà wo ló rìn, nígbà wo ló sọ̀rọ̀? Kí ló lè fi ìgbà pípẹ́ ṣe láìjẹ́ pé wọ́n fi ipá mú un? Ìlà-ò-wọ́ dáhùn bó ṣe rí, ibi tí kò mọ̀, ó ní òun ò mọ̀. Òun náà wá béèrè èyí tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tipẹ́.

"Ibo ló máa ń lọ, mà?"

"Kò lọ síbì kankan," ni dókítà wí. "Ibí ló wà. Ṣé ẹ rí fáànù yìí? Èmi àti ẹ̀yin ti gbàgbé rẹ̀ láti ìgbà tí a ti jókòó, orí wa ló bá wa tì í sẹ́yìn. Ó jọ pé orí tirẹ̀ kì í tètè ti nǹkan sẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ ló ń wọlé pọ̀. Mi ò tíì fún un lórúkọ o, ọjọ́ kan ò tó fún ìyẹn. Ẹ máa padà wá, màá bá tíṣà rẹ̀ náà sọ̀rọ̀, a ó sì yẹ etí rẹ̀ wò."

"Ti kíláàsì àwọn kéékèèké ńkọ́?"

"Èmi fúnra mi máa pe ọ̀gá wọn lónìí. A ò tíì mọ ohun tó ń ṣe ọmọ, kí ni wọ́n máa rí wò tí wọ́n á fi dá a padà? Ní báyìí ná, iṣẹ́ kan ni kí ẹ máa rán an lẹ́ẹ̀kan. Kí tíṣà gbé e wá síwájú, kó jìnnà sí fèrèsé. Tó bá fẹ́ dìde dúró kọ̀wé, kó dìde. Ẹ má sì fi í jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ áyọ́ọ̀nù mọ́."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó tún dúpẹ́.

Lọ́nà ilé, ó di ọwọ́ òsì ọmọ náà mú, jẹ́jẹ́. Kíni-yẹn ń fò lórí àwọn ojú ibi tí ilẹ̀ ti sán. Bàbá ń fi àtàǹpàkò rẹ̀ ra ìka ọmọ náà bí ẹni ń ra ibi tí nǹkan ti ta á, ibẹ̀ ló ti fọwọ́ ba nǹkan kan. Ó dúró. Ó gbé ìka náà wá sí ìmọ́lẹ̀. Lábẹ́ ojú èékánná tó pọ́n yẹn, awọ ibẹ̀ ti le, ó ti yi. Ọkùnrin tó ti fi iṣẹ́ ọwọ́ jẹun láti ìgbà èwe mọ bí awọ ṣe ń yi. Ọ̀sẹ̀ méjì ò lè ṣe èyí.

"Kíni-yẹn, ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọwọ́ ẹ báyìí?"

"Ó ti pẹ́. Ní kíláàsì wa."

"Ojoojúmọ́?"

"Ẹn-hẹn. Tí wọ́n bá ń ṣe ìṣirò, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Tí tíṣà bá ń ka ìtàn, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ gan-an."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ìgbà ìtàn?"

"Torí mo fẹ́ràn ẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ bó ṣe parí."

Ìlà-ò-wọ́ lóṣòó síwájú rẹ̀ láàárín títì, kò bìkítà fún ṣòkòtò. "Ṣé o wá ń gbọ́ bó ṣe parí?"

Ọmọ náà ronú sí i. Ó mi orí rẹ̀ pé rárá. "Ó máa ti dùn mí jù nígbà yẹn."

Oníbàárà kan ti wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù tó ń retí kóòtù rẹ̀ nígbà tí wọ́n yọ. Bàbá àti ọmọ kí i, wọn ò yà. Ilé-ìwé ni wọ́n kọrí sí, kí tíṣà tó lọ sílé, kí wọ́n lọ bi í bí ìtàn náà ṣe parí.